Ibi Tí Ẹ̀jẹ̀ Bá Dé Ni Eegun Ti Ń Hù: Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Ya Férémù Fún Eegun Tó Ti Sọnù

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gun ọ̀kadà jáde láàárọ̀, mọ́tò gbá a, eegun ojúgun rẹ̀ sì fọ́ sí wẹ́wẹ́. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn. Nígbà tí dókítà fi máa yọ àwọn àfọ́kù tó ti kú àti ìdọ̀tí tó wọ inú ọgbẹ́ tán, àlàfo tó tó ìka mẹ́rin ló ṣẹ́ kù láàárín eegun òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ìyá ọmọ náà wá béèrè pé: "Dókítà, ṣebí eegun máa ń hù? Ṣé kò ní hù padà ni?"

Ìbéèrè gidi ni ìyá yìí béèrè. Eegun máa ń hù lóòótọ́, àmọ́ kò lè fo àlàfo tó bá ti fẹ̀ jù. Ó ń fẹ́ ohun tó máa dì mú, ó sì ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀. Láti bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ni àwọn oníṣègùn àti àwọn ẹnjiníà ti ń pawọ́ pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ya férémù oníhò tí wọ́n máa fi sí àlàfo náà, kí eegun tuntun lè gba inú rẹ̀ hù. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé lónìí nìyẹn, nítorí kò sí ìdílé tí jàǹbá ọkọ̀ tàbí àìsàn eegun kò lè kàn.

Eegun kì í ṣe igi gbígbẹ

Ẹni tó bá ti jẹ eegun màlúù rí mọ̀ pé ara òde rẹ̀ le, ó sì dán. Ṣùgbọ́n tí a bá la orí eegun náà, inú rẹ̀ dà bí kànrìnkàn, ihò wẹ́wẹ́ ló kún ibẹ̀, mùdùnmúdùn ló sì wà nínú àwọn ihò náà. Ti èèyàn kò yàtọ̀. Apá tó le lóde kò ní ihò púpọ̀, kò ju bí ìdá 5 sí 10 nínú 100 lọ. Ní ti apá inú tó dà bí kànrìnkàn, ihò lè gba ìdá 50 títí dé ìdá 90 nínú 100 rẹ̀.

Ohun alààyè ni eegun. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjì ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ lójoojúmọ́: àwọn kan ń wó eegun tó ti gbó, àwọn yòókù ń mọ tuntun sí ipò rẹ̀. Julius Wolff, oníṣègùn ará Jámánì, kọ ìwé lé e lórí ní ọdún 1892 pé eegun máa ń tún ara rẹ̀ tò gẹ́gẹ́ bí ẹrù tó ń gbé. Ibi tí ẹrù bá ti ń tẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ ni yóò ti máa nípọn. Ibi tí kò bá rí iṣẹ́ ṣe, ibẹ̀ ni yóò ti máa joro. Ìdí nìyẹn tí eegun ẹni tó bá pẹ́ lórí ibùsùn fi máa ń rọ.

Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ wá fún àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí. Ẹ wo àwọn tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Lára àwọn kan nínú wọn, iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí orí eegun itan, níbi tó ti wọ inú ìbàdí, máa ń dí. Ẹnikẹ́ni kò gbá wọn, wọn kò sì ṣubú, ṣùgbọ́n nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ mọ́, orí eegun náà á kú, á sì máa rún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn bí a ti ń bá ọ̀rọ̀ wa lọ: ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá lè dé, eegun kò lè gbé ibẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n ti ń gbà tẹ́lẹ̀

Tí eegun bá ṣẹ́ lásán tí ojú méjèèjì sì kan ara wọn, ara fúnra rẹ̀ á so ó pọ̀. Iṣẹ́ dókítà kò ju kó tò ó, kó sì mú un dúró sójú kan. Àlàfo ńlá ló ń fa wàhálà.

Ọ̀nà kìíní ni pé kí wọ́n gé eegun díẹ̀ láti ìbàdí aláìsàn náà, kí wọ́n fi dí ibẹ̀. Ọ̀nà yìí dára, torí pé ara ẹni ni, sẹ́ẹ̀lì alààyè sì wà nínú rẹ̀. Àmọ́ eegun tí wọ́n lè gé níbẹ̀ kò pọ̀, ojú ọgbẹ́ sì ti di méjì. Àwọn kan máa ń sọ pé ìbàdí tí wọ́n ti gé eegun ló dùn wọ́n ju ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ lọ.

Ọ̀nà kejì ni eegun tí ẹlòmíràn fi sílẹ̀, tàbí ti ẹranko, tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ nípa ìmọ̀ ìṣègùn.

Ọ̀nà kẹta ni ti Gavriil Ilizarov, oníṣègùn kan ní ìlú Kurgan lórílẹ̀-èdè Rọ́ṣíà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ láàárín ọdún 1950 sí 1959. Wọ́n á fi òrùka irin yí ẹsẹ̀ náà ká, wọ́n á gé eegun tó lera níbòmíràn, wọ́n á sì máa fà á díẹ̀díẹ̀, bíi mìlímítà kan lójúmọ́. Eegun tuntun á máa hù ní ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ń fà. Tí àlàfo bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 6, ọgọ́ta ọjọ́ ni fífà nìkan máa gbà, lẹ́yìn náà ni wọn á tún dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù kí eegun tuntun náà tó le. Ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ ni ọ̀nà yìí ti gbà là, ó ṣì ń gbà wọ́n là títí di òní. Ṣùgbọ́n ó gba sùúrù, ó sì ń dunni.

Férémù tí eegun máa gùn

Gbogbo wa la ti rí igi àti pákó tí bíríkìlà máa ń tò mọ́ ògiri ilé alájà. Kì í ṣe ara ilé. Kí bíríkìlà lè rí ibi dúró sí ni wọ́n ṣe tò ó. Tí ilé bá parí, wọ́n á tú u kúrò. Orúkọ igi yẹn, scaffold, ni àwọn onímọ̀ fún férémù tí a ń sọ yìí. Sẹ́ẹ̀lì tó ń mọ eegun ni bíríkìlà, férémù ni igi tó máa dúró lé. Bí eegun ṣe ń hù, férémù náà á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀, títí tí eegun nìkan á fi kù.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Èyí tó ń yọ́ ni wọ́n sábà máa ń fi ike kan tó ń jẹ́ polycaprolactone ṣe. Ó máa ń gbà tó ọdún 2 sí 3 kó tó yọ́ tán nínú ara. Nígbà mìíràn, wọ́n máa ń po èròjà calcium àti phosphate mọ́ ọn, irú èyí tó wà nínú eegun gan-an. Èkejì ni irin titanium, tí kì í yọ́. Inú ihò rẹ̀ ni eegun máa ń hù wọ̀, tí àwọn méjèèjì á sì di ọ̀kan.

Inú ihò ni iṣẹ́ wà

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí férémù yìí lè rò pé ohun tí wọ́n fi ṣe é ló ṣe pàtàkì jù. Ohun tí wọ́n fi ṣe é ṣe pàtàkì, àmọ́ ihò tí wọ́n dá sínú rẹ̀ ló máa pinnu bóyá eegun á hù tàbí kò ní hù.

Ihò náà gbọ́dọ̀ tóbi tó. Tí ó bá kéré ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà, sẹ́ẹ̀lì eegun kì í rí ibi gbà dáadáa. Tí ó bá tó 0.3 mìlímítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun á rí ọ̀nà wọlé. Iṣan ẹ̀jẹ̀ náà gbọ́dọ̀ súnmọ́ sẹ́ẹ̀lì gan-an, torí sẹ́ẹ̀lì tó bá fi bíi 0.2 mìlímítà jìnnà sí ẹ̀jẹ̀, oúnjẹ kì í tó o jẹ.

Àwọn ihò náà tún gbọ́dọ̀ já síra wọn. Ilé tó ní ogún yàrá tí kò sí ilẹ̀kùn láàárín wọn, ta ló fẹ́ gbé e? Bí ihò bá pọ̀ tí wọn kò já síra wọn, ẹ̀jẹ̀ á dúró sẹ́nu ọ̀nà, àárín férémù á sì ṣófo.

Nígbà tí iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan lára ọgbọ́n tí wọ́n ń dá ni pé wọ́n á po hóró iyọ̀ mọ́ ike tí wọ́n ti yọ́. Tó bá gan tán, wọ́n á fi omi yọ iyọ̀ náà kúrò, ibi tí iyọ̀ wà tẹ́lẹ̀ á di ihò. Ọgbọ́n náà dára, àmọ́ ihò á kàn wà níbi tó bá wù ú ni, bí ihò inú búrẹ́dì. Kò sẹ́ni tó lè sọ tẹ́lẹ̀ bóyá wọ́n máa já síra wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le

Ẹnì kan lè sọ pé, "Ẹ kúkú dá ihò púpọ̀ sí i, kí ẹ̀jẹ̀ ráyè wọlé." Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Tí a bá ń rìn, ẹrù tó ń tẹ orúnkún wa máa ń tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ìwọ̀n ara wa. Ẹni tó wọn kílò 70 ń gbé bíi kílò 140 sí 210 lé orúnkún rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Férémù tó bá wà nínú ojúgun gbọ́dọ̀ lè bá a gbé nínú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, ihò kì í fi bó ṣe pọ̀ tó nìkan dín agbára kù. Tí ihò bá gba ìdajì férémù, líle rẹ̀ kì í kù sí ìdajì, ó máa ń já wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Tí ihò bá gba ìdá 70 nínú 100, líle tó máa kù kò ju bí ìdá 9 nínú 100 lọ.

Ṣé kí wọ́n wá ṣe é kó le dáadáa ni? Ìyẹn náà níbi tirẹ̀. Titanium tí kò ní ihò le ju eegun líle lọ ní bí ìlọ́po mẹ́fà. Tí irin bá gba gbogbo ẹrù rù, eegun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ní rí iṣẹ́ ṣe, ohun tí Wolff sọ á wá ṣẹlẹ̀: eegun á máa joro, irin á sì mì. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dá ihò sínú titanium títí ihò fi gba bí ìdá 60 nínú 100, líle rẹ̀ á já wálẹ̀ sí bí ìdá kan nínú mẹ́fà, á wá súnmọ́ ti eegun. Ihò tó ń gba ẹ̀jẹ̀ wọlé náà ló tún ń mú irin rọ̀ dé ìwọ̀n eegun.

Ní ti èyí tó ń yọ́, ìṣòro kan tún wà: tó bá tètè yọ́, ẹsẹ̀ á wó. Tó bá pẹ́ jù kó tó yọ́, á dí eegun lọ́nà.

Iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe

Èèyàn kò lè fi ojú wọn gbogbo èyí. Ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti wúlò.

Wọ́n á kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ CT ya àwòrán ẹsẹ̀ méjèèjì. Ẹsẹ̀ tó lera máa fi bó ṣe yẹ kí èyí tó ṣẹ́ rí hàn wọ́n, bí ìgbà tí a fi bàtà ọ̀tún mọ ìwọ̀n ti òsì. Láti inú àwòrán yìí ni kọ̀ǹpútà ti máa ya férémù tó bá àlàfo náà mu gẹ́lẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ihò. Kọ̀ǹpútà á pín férémù inú àwòrán sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ègé kéékèèké, á gbé ẹrù ara èèyàn lé e, á sì ṣírò bí ègé kọ̀ọ̀kan ṣe ń fara dà á. Ibi tí ẹrù bá ti pọ̀, á jẹ́ kí ògiri ihò nípọn. Ibi tí ẹrù kò bá pọ̀, á fẹ ihò lójú. Á tún ṣírò bí omi ara àti ẹ̀jẹ̀ ṣe máa gba inú rẹ̀ kọjá, àti bó ṣe máa rí lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan tó bá ti yọ́ díẹ̀. Á gbìyànjú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwòrán, á sì mú èyí tó gba ẹ̀jẹ̀ láyè jù láìjẹ́ kí ẹsẹ̀ wó. Scott Hollister, tó jẹ́ ẹnjiníà ní Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà nígbà náà, wà lára àwọn tó ṣàlàyé ọ̀nà yìí dáadáa, nínú àpilẹ̀kọ tó gbé jáde ní ọdún 2005.

Ọ̀kan nínú àwọn àwòrán ihò tí wọ́n ń lò jù ni gyroid. Alan Schoen ló gbé e jáde ní ọdún 1970, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ fún àjọ NASA tó ń rí sí ìrìnàjò sánmà. Kò ní kọ̀rọ̀, kò ní ibi tó dí. Ọ̀nà inú rẹ̀ yí po bí ihò inú ilé ikán, gbogbo rẹ̀ sì já síra. Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ rí i pé irú àwòrán yìí gan-an ti wà nínú ìyẹ́ àwọn labalábá kan láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ọlọ́hun Ọba ló dá a síbẹ̀ kí èèyàn tó mọ ìṣirò rẹ̀.

Tí àwòrán bá parí, ẹ̀rọ 3D printer á mọ férémù náà ní ìpele-ìpele, bí ẹni ń to bíríkì, àmọ́ ìpele kọ̀ọ̀kan tinrín gan-an.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Brisbane

Ní ọdún 2017, ọkùnrin kan wà ní ìpínlẹ̀ Queensland lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà tí àrùn ti ba eegun ojúgun rẹ̀ jẹ́. Àlàfo tí àrùn náà dá sílẹ̀ lé ní sẹ̀ǹtímítà 30. Ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ká gé ẹsẹ̀ náà. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn Princess Alexandra ní ìlú Brisbane lo férémù tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà yà, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ mọ ní Singapore. Férémù tó ń yọ́ ni.

Wọn kò kàn ki férémù náà bọ ẹsẹ̀ kí wọ́n sì rán ojú ọgbẹ́ pa. Wọ́n mú ẹran ara tó ní iṣan ẹ̀jẹ̀ láti ara ọkùnrin náà, wọ́n fi wé férémù náà, kí ẹ̀jẹ̀ lè wọ inú ihò rẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ abẹ ẹyọ kan, ó sì gba oṣù púpọ̀. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé bí férémù ti wù kó dára tó, tí wọn kò bá wá ẹ̀jẹ̀ fún un, ike lásán ni.

Ibi tí agbára kọ̀ǹpútà mọ

Ó yẹ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Férémù tó gùn tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹ máa bá ní gbogbo ilé ìwòsàn, kódà nílùú òyìnbó. Ibi kéékèèké bí agbárí àti eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni wọ́n ti ń lò wọ́n jù. Ìṣirò sì ni ti kọ̀ǹpútà. Kò mọ̀ bóyá aláìsàn ń mu sìgá, tó máa ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Kò mọ̀ bóyá ìtọ̀ ṣúgà ń bá a jà. Bí kòkòrò àrùn bá ṣì wà nínú ọgbẹ́, inú ihò tó dára yẹn gan-an ló máa lọ sá pamọ́ sí. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun ní férémù tó ń wo gbogbo eegun sàn kíákíá, ẹ fura.

Kí ni wọ́n fi ṣe é?

Ìbéèrè kan wà tí àwa Mùsùlùmí kò gbọ́dọ̀ tijú láti bi dókítà: "Kí ni ohun tí ẹ fẹ́ fi sára mi, ibo ló sì ti wá?" Kò sí ẹran kankan nínú titanium, polycaprolactone, tàbí calcium phosphate tí wọ́n pò ní ilé iṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ohun ìtọ́jú eegun kan wà tí wọ́n fi eegun màlúù ṣe. Àwọn mìíràn, pàápàá awọ tí àwọn dókítà eyín máa ń fi bo ojú eegun, wà tí wọ́n fi ara ẹlẹ́dẹ̀ ṣe.

Ẹ béèrè ṣáájú iṣẹ́ abẹ, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá ṣe é tán. Tí wọ́n bá ní ti ẹlẹ́dẹ̀ ni, ẹ bi wọ́n bóyá nǹkan mìíràn wà tó lè ṣe iṣẹ́ kan náà. Ó sábà máa ń wà. Tí kò bá sí, tí ẹ̀mí tàbí ẹ̀yà ara sì wà nínú ewu, ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ààfáà tó nímọ̀, nítorí ìlànà ẹ̀sìn wa ní àyè fún ọ̀ràn pàjáwìrì. Ohun tí kò dára ni kí èèyàn sá fún ìtọ́jú nítorí ìfura tí kò béèrè ìdí rẹ̀.

Ohun tó wà lọ́wọ́ wa

Bóyá férémù oníkọ̀ǹpútà dé ọ̀dọ̀ wa tàbí kò dé, ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ti dé: ẹ dáàbò bo ọ̀nà ẹ̀jẹ̀.

Bí eegun bá ti gba inú awọ yọ síta, ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, kí ẹ sì gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn ní wàràǹsesà. Ẹ má ti eegun náà wọlé, ẹ má fi epo tàbí àgbo sí i. Iye wákàtí tí ìdọ̀tí bá fi wà nínú ọgbẹ́ ló ń sọ eegun tí à bá tò di eegun tí wọ́n máa gé sọnù.

A kò bú àwọn tó ń to eegun nílé. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ti jẹ àǹfààní wọn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá di ẹsẹ̀ tàbí apá tó le jù, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè kọjá. Tí ọmọ ìka bá tutù, tó bá dúdú, tó bá kú tipiri, tàbí tí ìrora ń pọ̀ sí i dípò kó dín kù, ẹ tú ìdì náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má dúró di ọjọ́ kejì. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Kí ẹni tí eegun rẹ̀ ń jinná fi sìgá sílẹ̀. Kí ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà ṣọ́ ṣúgà rẹ̀. Kí ó máa jẹ ẹ̀wà, ẹja, ẹyin àti mílíìkì. Nígbà tí dókítà bá sì ní kó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó má bẹ̀rù, torí ẹrù díẹ̀ yẹn ló ń sọ fún eegun pé iṣẹ́ ti dé.

Ìyá tó béèrè bóyá eegun á hù padà kò ṣàṣìṣe. Eegun fẹ́ hù. Ohun tí dókítà, ẹnjiníà àti kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń ṣe kò ju pé kí wọ́n ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún un. Kí Ọlọ́hun fún gbogbo aláìsàn wa ní àlàáfíà, kó sì máa ṣọ́ wa lójú pópó. Àmín.